Àga Adájọ́ Tí Ó Ṣófo: Ìtàn Yíyan Àwọn Adájọ́ Ìjọba Àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà

Bí a bá ń sọ ìtàn agbára ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ àwọn Ààrẹ, ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ owó ni ó sábà máa ń gba ẹnu wa. Kò pọ̀ nínú wa tí ó ń fi etí sí ọ̀rọ̀ àga tí kò sí ẹni tí ó jókòó lé e. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ó ń mú kí àwọn olóṣèlú ilẹ̀ náà fi ìjà pẹẹ́ta, àga adájọ́ tí ó ṣófo wà lára èyí tí ó le jù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ààrẹ ń lo ọdún 4, kí ó tó padà lọ bẹ àwọn olùdìbò. Ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ń lo ọdún 6. Ṣùgbọ́n adájọ́ ìjọba àpapọ̀ wà lórí àga rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ìwà rẹ̀ bá tọ́, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ààrẹ tí ó fi ẹni àádọ́ta ọdún sórí àga lè ti sùn nínú ibojì kí adájọ́ náà tó dìde. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó yan adájọ́ ń sọ̀rọ̀ sí etí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.

Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ ní Philadelphia ní ọdún 1787 fi ọ̀ràn náà sí ọwọ́ ẹni méjì. Ààrẹ ni yóò dárúkọ ẹni tí ó fẹ́. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, tí wọ́n ń pè ní Sẹ́nétì, ni yóò fún un ní ìmọ̀ràn àti ìyọ̀ǹda. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì kò lè dá a ṣe. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Àwọn tí ó kọ ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni, ọba tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn ní ọdún 1776 pé ó sọ àwọn adájọ́ wọn di ẹni tí ó ń wo ojú òun nìkan nítorí iṣẹ́ àti owó oṣù wọn. Wọn kò fẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo tún di olúwa ilé ẹjọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kò kọ. Wọn kò sọ iye ọjọ́ tí Ààrẹ gbọ́dọ̀ fi dárúkọ ènìyàn. Wọn kò sì sọ iye ọjọ́ tí Sẹ́nétì gbọ́dọ̀ fi dá a lóhùn. Wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Sẹ́nétì gbọ́dọ̀ dáhùn rárá. Inú àlàfo kékeré yìí ni gbogbo wàhálà tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ti jáde.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó rí àlàfo náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1789, George Washington fi ọwọ́ sí òfin tí ó dá àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, ó sì fi orúkọ ènìyàn 6 ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà fún Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 26, Sẹ́nétì ti fọwọ́ sí gbogbo wọn. Kì í ṣe pé Sẹ́nétì ìgbà náà kò lè kọ̀ o. Ní ọdún 1795, Washington fẹ́ sọ John Rutledge di olórí àwọn adájọ́. Rutledge ti bu ẹnu àtẹ́ lu àdéhùn tí ìjọba bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ọ̀rọ̀ náà sì bí ọ̀pọ̀ sẹ́nétọ̀ nínú. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n dìbò, ẹni 14 kọ̀ ọ́, ẹni 10 fẹ́ ẹ. Washington wá ẹlòmíràn. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn: wọ́n kọ Rutledge, ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn, gbogbo ayé sì mọ ẹni tí ó kọ̀ ọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú fi mọ̀ pé àga fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìjà. Ní ọdún 1801, John Adams ti pàdánù ìbò fún Thomas Jefferson, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí yóò kúrò kò tíì pé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe òfin tí ó dá àga adájọ́ tuntun 16 sílẹ̀, Adams sì sáré fi àwọn ènìyàn tirẹ̀ kún wọn kí ó tó di ọjọ́ 4 oṣù Kẹta tí yóò gbé ìjọba sílẹ̀. Àwọn alátakò rẹ̀ sọ wọ́n ní adájọ́ ọ̀gànjọ́ òru. Nígbà tí ẹgbẹ́ Jefferson gorí oyè, wọ́n pa òfin náà rẹ́ ní ọdún 1802, àwọn àga náà sì bá òfin lọ.

Ní ọdún 1866 ni wọ́n ṣe èyí tí ó ju ti Adams lọ. Andrew Johnson, tí ó di Ààrẹ lẹ́yìn tí wọ́n pa Lincoln, kò bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì rẹ́ rárá. Ní oṣù Kẹrin, ó dárúkọ Henry Stanbery fún Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ. Sẹ́nétì kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ó di oṣù Keje, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣòfin pé kí àga 10 tí ó wà ní ilé ẹjọ́ náà máa dín kù títí yóò fi ku 7. Wọ́n yọ àga kúrò lábẹ́ ẹni tí ó fẹ́ jókòó. Ní ọdún 1869, tí Johnson ti lọ tí Ulysses Grant sì ti dé, wọ́n sọ ọ́ di 9, iye náà ni ó sì wà títí di òní.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a mọ bí àga ṣe ń ṣófo àti bí wọ́n ṣe ń kà á. Àga 9 ti Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ ni ariwo rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni lára ọ̀pọ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn 13 ní àga 179. Àwọn ilé ẹjọ́ ẹkùn, níbi tí ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, jẹ́ 94, àga wọn sì lé ní 670. Adájọ́ lè kú, ó lè kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lè yọ ọ́ nítorí ìwà ìbàjẹ́, wọ́n sì lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tí ó ga ju tirẹ̀. Bí ó bá ti pé ọdún 65, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 15, ó lè fẹ̀yìn tì ní ìdajì: yóò máa gbọ́ ìwọ̀nba ẹjọ́ díẹ̀, àga rẹ̀ yóò sì di òfìfo fún ẹlòmíràn. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ jùlọ ń gbà kúrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa dúró de ìgbà tí Ààrẹ tí ó wù wọ́n bá wà lórí oyè.

Ilé iṣẹ́ kan wà tí ó ń bójú tó ètò àwọn ilé ẹjọ́ náà láti ọdún 1939. Òun ni ó ń tẹ ìwé jáde nípa iye àga tí ó ṣófo, ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣófo, ẹni tí ó fi í sílẹ̀, àti bóyá Ààrẹ ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹjọ́ tí ó kan adájọ́ kọ̀ọ̀kan ní ilé ẹjọ́ ẹkùn bá ju 600 lọ nínú ọdún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìwúwo ẹjọ́ kà á, tí àga sì ṣófo níbẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ àga náà sí abẹ́ àwọn àga pàjáwìrì. Ẹni tí ó bá fi sùúrù ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún yóò rí i pé àìsí ènìyàn tí ó yẹ kọ́ ni ó ń mú kí àga pẹ́ lófìfo. Agbára dídákẹ́ ni.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dákẹ́ náà ní ìtàn. Bí orúkọ bá ti ọ̀dọ̀ Ààrẹ dé, Ìgbìmọ̀ Ètò Ìdájọ́ ti Sẹ́nétì ni ó kọ́kọ́ ń gbà á. Ó kéré tán láti ọdún 1917, olórí ìgbìmọ̀ náà a máa fi bébà kékeré aláwọ̀ búlúù ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́nétọ̀ 2 tí ó ti ìpínlẹ̀ tí àga náà wà wá, kí wọ́n kọ èrò wọn sí i. Kò sí bébà yìí nínú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀, àṣà ni. James Eastland láti Mississippi, tí ó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ náà láti ọdún 1956 títí di 1978, ni ó sọ àṣà náà di irin. Ní ayé tirẹ̀, bí sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo kò bá dá bébà náà padà, ọ̀rọ̀ ti parí. Sẹ́nétọ̀ náà kò ní láti sọ ìdí. Kò ní láti dìde ní gbangba. Kí ó ṣáà fi bébà sínú àpótí tábìlì rẹ̀.

Àwọn ènìyàn dúdú mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, nítorí pé Eastland kò fẹ́ kí dúdú àti funfun jókòó pọ̀ nílé ẹ̀kọ́, áńbọ̀sì kí dúdú jókòó lórí àga ìdájọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961, Ààrẹ Kennedy dárúkọ Thurgood Marshall fún ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí ó wà ní New York. Marshall ni agbẹjọ́rò tí ó borí nínú ẹjọ́ ilé ẹ̀kọ́ ti ọdún 1954. Sẹ́nétì lọ sí ìsinmi láìdáhùn, Kennedy sì fi í sórí àga fún ìgbà díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ti gbà á láyè nígbà tí Sẹ́nétì kò bá jókòó. Ìgbìmọ̀ Eastland fà á títí di ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962 kí Sẹ́nétì tó dìbò. Nígbà tí wọ́n sì dìbò, ẹni 54 fọwọ́ sí i, ẹni 16 péré ni ó kọ̀. Ẹ wò ó! Ìbò kò tó láti dá a dúró. Ìdákẹ́ nìkan ni ó fi ọdún kan dá a dúró. Ní ọdún 1967, Sẹ́nétì fi ìbò 69 sí 11 gbé Marshall dé Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ, òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí bá Eastland wọlẹ̀, kí ó wo ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kẹrin, tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ láti Maryland, Virginia, West Virginia àti Carolina méjèèjì. Wọ́n dá àga kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1990. Ọdún 10 gbáko ni kò fi sí ẹni tí ó jókòó lé e, bẹ́ẹ̀ sì ni dúdú kankan kò jẹ́ adájọ́ ní ilé ẹjọ́ náà rí. Jesse Helms, sẹ́nétọ̀ North Carolina, dí ọ̀nà mọ́ àwọn dúdú tí Ààrẹ Clinton dárúkọ láti ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2000, Clinton lo àyè ìsinmi Sẹ́nétì, ó fi Roger Gregory láti Virginia sórí àga náà. Ní ọdún 2001, Ààrẹ Bush, tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì, tún dárúkọ Gregory kan náà, ìbò 93 sí 1 ni Sẹ́nétì sì fi gbà á.

Ṣùgbọ́n àga tí ìtàn rẹ̀ yani lẹ́nu jù wà ní apá ìlà-oòrùn North Carolina, ní ilé ẹjọ́ ẹkùn. Adájọ́ tí ó wà níbẹ̀ fẹ̀yìn tì ní ìdajì ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2005. Bush dárúkọ Thomas Farr. Ẹgbẹ́ Democrat gba Sẹ́nétì, wọn kò dá a lóhùn. Obama dé, ó dárúkọ Jennifer May-Parker ní ọdún 2013. Richard Burr, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà láti ẹgbẹ́ Republican, kò dá bébà búlúù padà, bẹ́ẹ̀ ni òun kan náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ yìn ín fún iṣẹ́ náà ní ọdún 2009. Ní ọdún 2016, Obama dárúkọ Patricia Timmons-Goodson, ọ̀nà dí. Dúdú ni àwọn obìnrin méjèèjì, nínú ẹkùn tí dúdú lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin, tí dúdú kankan kò sì tíì ṣe adájọ́ níbẹ̀ títí di ìgbà náà. Trump dé, ó tún gbé Farr kalẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Tim Scott láti South Carolina, sẹ́nétọ̀ dúdú tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Trump fúnra rẹ̀, sọ pé òun kò ní fọwọ́ sí i, orúkọ náà sì wọlẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni Sẹ́nétì tó fọwọ́ sí Richard Myers. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 14. Ààrẹ 3 ti kọjá lórí àga kan.

Ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó dá ẹ̀bi yìí, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní àkókò Bush, ẹgbẹ́ Democrat lo àṣà ọ̀rọ̀ àsọìdákẹ́, èyí tí ó jẹ́ pé ìbò 60 nínú 100 nìkan ni ó lè fi òpin sí i. Miguel Estrada, tí Bush dárúkọ ní ọdún 2001, dúró ju ọdún 2 lọ, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò ní ọdún 2003. Nígbà tí Obama dé, ẹgbẹ́ Republican fi irú òògùn náà wẹ ẹgbẹ́ Democrat. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ẹgbẹ́ Democrat bínú, wọ́n fi ìbò 52 sí 48 fọ́ àṣà náà, pé láti ìgbà náà lọ, ọ̀pọ̀ ìbò lásán ti tó fún gbogbo adájọ́ àfi ti Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, ẹgbẹ́ Republican fọ́ èyí tí ó kù, wọ́n sì fi ìbò 54 sí 45 gbé Neil Gorsuch wọlé.

Àga tí Gorsuch sì jókòó lé yìí ni ó tú àlàfo ọdún 1787 síta fún gbogbo ayé. Adájọ́ Antonin Scalia kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2016. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, Obama dárúkọ Merrick Garland. Mitch McConnell, olórí àwọn tí ó pọ̀ jù ní Sẹ́nétì, ti sọ pé ọdún ìbò ni, kí àwọn ará ìlú kọ́kọ́ yan Ààrẹ tuntun. Wọn kò pe Garland jókòó fún ìbéèrè, wọn kò dìbò. Ọjọ́ 293 ni orúkọ rẹ̀ fi wà níbẹ̀ títí tí ìgbà Sẹ́nétì náà fi parí. Ṣáájú rẹ̀, Louis Brandeis ni ó tíì dúró pẹ́ jù, ọjọ́ 125 ní ọdún 1916. Ṣùgbọ́n a bi àwọn ẹlẹ́rìí léèrè nípa Brandeis ní gbangba, a sì gbà á pẹ̀lú ìbò 47 sí 22. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, adájọ́ Ruth Bader Ginsburg kú. Ọdún ìbò náà ni. McConnell sọ pé ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀, nítorí ẹgbẹ́ kan náà ni Ààrẹ àti Sẹ́nétì. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ 8, wọ́n fi ìbò 52 sí 48 gba Amy Coney Barrett wọlé. Ọjọ́ 293 kò tó fún ẹnìkan. Oṣù kan àti díẹ̀ tó fún èkejì. Kò sí èyí tí ó rú Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ nínú méjèèjì.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ta ni ó ń jìyà? Ṣé kì í ṣe ìjà àwọn ọ̀gá ni? Rárá o. Òfin ọdún 1974 pa á láṣẹ pé kí ìgbẹ́jọ́ ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 70, bí a bá yọ àwọn ọjọ́ tí òfin náà fi sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí adájọ́ kò bá tó, ẹjọ́ ọ̀daràn ni yóò kọ́kọ́ kọjá, ẹjọ́ ìyókù yóò sì tò sẹ́yìn: òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀, opó tí ó ń bèèrè owó tí ó tọ́ sí i, oníṣòwò tí wọ́n já àdéhùn mọ́ lójú. Àwọn adájọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ní ìdajì ń ṣe ìrànwọ́ tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà ń darúgbó. Ẹlẹ́rìí ń kú, ìrántí ń ṣá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìfàsẹ́yìn náà ní àǹfààní, pé Sẹ́nétì kì í ṣe ẹrú Ààrẹ. Òtítọ́ ni. Sẹ́nétì kọ John Parker ní ọdún 1930 pẹ̀lú ìbò 41 sí 39. Ó kọ Harrold Carswell ní ọdún 1970 pẹ̀lú ìbò 51 sí 45. Ó kọ Robert Bork ní ọdún 1987 pẹ̀lú ìbò 58 sí 42. Ẹnikẹ́ni lè jiyàn bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù sẹ́nétọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sí ohun tí ó ṣe, àwọn tí ó rán an níṣẹ́ sì lè bi í léèrè. Kíkọ̀ kì í ṣe àrùn. Àìdáhùn ni àrùn náà, nítorí pé ẹni tí ó dákẹ́ kò ní ohun tí a lè bi í léèrè lé lórí.

Díẹ̀ ti yí padà lónìí. Láti nǹkan bí ọdún 2018, bébà búlúù kò lè dá adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn dúró mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di ọdún 2025 ó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé ẹjọ́ ẹkùn. Ọ̀pọ̀ àga sì ti kún: Trump fi adájọ́ 234 síbẹ̀ nínú ọdún 4 àkọ́kọ́ rẹ̀, Biden fi 235. Ṣùgbọ́n ìyẹn ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí Ààrẹ àti Sẹ́nétì bá jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024 fi hàn wá pé àlàfo náà ṣì wà. Láti ọdún 1990 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò ti fi òfin gbogbogbòò kan kún iye àga, bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ń pọ̀ sí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Sẹ́nétì fi ohùn kan gbà láti dá àga 66 sílẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún 10. Ìdí tí wọ́n fi lè ṣọ̀kan ni pé kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí yóò borí nínú ìbò oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú dúró títí ìbò fi kọjá, tí wọ́n mọ̀ pé Trump ni ó wọlé, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, Biden kọ̀ láti buwọ́ lu òfin náà. Ohun tí gbogbo wọn gbà pé ó dára nígbà tí wọn kò mọ ẹni tí yóò jàǹfààní rẹ̀ di ohun tí ó burú nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí fi lé àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rèé. Nígbà tí a bá ń kọ òfin, kò tó kí a kọ ẹni tí ó ní àṣẹ àti ẹni tí yóò ṣọ́ ọ. Ó yẹ kí a kọ ọjọ́ tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó jókòó ní Philadelphia rò pé ìtìjú yóò ṣe iṣẹ́ tí wọn kò gbé fún òfin. Ìtìjú sì ṣe é fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìtìjú tán, àwọn ará ìlà-oòrùn North Carolina gbé ẹjọ́ wọn wá sí ilé ẹjọ́ fún ọdún 14, wọ́n bá àga kan níbẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ wọn.